Ṣé Kí Ìjọba Fòfin De Tábà Aládùn?

Ará Kàbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Lánàá, nítòsí ibùdókọ̀ Kàbà, mo rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, tó ń fa vape (sìgá oníbátìrì) tí èéfín rẹ̀ ń ta sánsán bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ethiopia ti fòfin de tábà aládùn, ìyẹn èyí tí wọ́n fi adùn bí èso tàbí mẹ́ńtọ́ọ̀lù sí, láti ọdún 2019, ilẹ̀ Yúróòpù sì ti lé sìgá mẹ́ńtọ́ọ̀lù kúrò lọ́jà ní 2020. Ṣé kò yẹ kí tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìyàrá: Òfin wo tún ni? Òfin tábà ọdún 2015 ti ní kí a má ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kí a má sì tú páálí tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ wá wo ìdí ọkọ̀ níbí: páálí ti já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúrò, wọ́n sì ti fi okùn so láítà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì fún ẹni tó bá ra ẹyọ kan.

Ìyá Ìsánlú: Ṣé aṣáà tí ìyá ọkọ mi ń lọ̀ pẹ̀lú káún náà wà lára tábà aládùn yìí? Kò sí adùn kankan níbẹ̀, omijé ló ń fà.

Nọ́ọ̀sì Mọpà: Ẹ jọ̀ọ́ mà, mẹ́ńtọ́ọ̀lù là ń sọ, èyí tó máa ń mú ọ̀fun tutù tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sìgá kò fi ní mọ̀ pé èéfín náà ta. Àmọ́ aṣáà náà lè fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Ìyá Ìsánlú: Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kò sì ní jẹjẹrẹ.

Nọ́ọ̀sì Mọpà: Àwọn tí aṣáà kò jẹ́ kó pé ọgọ́rin kò lè wá bá wa jiyàn níbí.

Ìyá Ìsánlú: Ṣé ìyá ọkọ mi lẹ ń ṣépè fún?

Ará Ẹgbẹ̀: Èmi ń retí aṣáà ọlọ́pẹ̀ òyìnbó kí n tó dá sí i.

Ọmọ Lọ́kọ́jà: Amẹ́ríkà fòfin de adùn yòókù nínú sìgá ní 2009, wọ́n fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù nìkan sílẹ̀. Àbá tí wọ́n gbé dìde ní 2022 láti mú òun náà kúrò, wọ́n fà á padà ní 2025. Bí owó ilé-iṣẹ́ tábà bá lè dá Amẹ́ríkà dúró, ta ni àwa?

Ọmọ Ìyàrá: Mo tún wí i: ÒFIN TI WÀ NÍLẸ̀! Ẹni tó máa mú un lò ni kò sí!

Nọ́ọ̀sì Mọpà: Mi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni, mà. Àrùn ni mo dárúkọ.

Ìyá Ìsánlú: Mo ti ka èsì yín sí wọn létí. Wọ́n fín aṣáà, wọ́n sín lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí n bi yín pé ọmọ ta ni yín ní Mọpà.