Èsì wa sí Màmá Ìbejì lórí àwo oúnjẹ àti wáìnì mẹ́ta tí wọ́n rà

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó kọ ọ̀rọ̀ tó kún tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì fi Yorùbá kọ ọ́. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yìí, èmi náà ni mo di ẹrù yín sínú páálí, nítorí náà ọwọ́ mi gan-an ni ẹ̀sùn yín bọ́ sí.

Kí àwọn mìíràn tó ń kà á lè mọ ohun tí à ń sọ: Màmá ra àwo DVD àlòkù mẹ́ta lọ́wọ́ wa ní pọ́n-ùn 14. Àkọ́kọ́ ni The French Chef ti Julia Child, alásè ọmọ Amẹ́ríkà, èkejì Floyd on France ti Keith Floyd, alásè ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kẹta Oz and James's Big Wine Adventure, ètò ìrìn àjò wáìnì. Wọ́n fún wa ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Wọ́n ní àwo ti obìnrin Amẹ́ríkà yẹn kò ní àwọ̀, ó ṣú bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀. Wọ́n ní Floyd ń mu ọtí ju bó ṣe ń sè lọ, kò sì fi nǹkan kan wọn nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin méjì inú àwo kẹta kàn ń bá ara wọn jiyàn káàkiri ilẹ̀ Faransé ni, tí wọ́n ń dárúkọ òórùn tí kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ láti inú tẹlifíṣọ̀n. Àwo Floyd tún há láàárín. Àti pé nínú gbogbo rẹ̀, kò sí oúnjẹ ènìyàn dúdú kankan. Wọ́n ní Bake Off, ìdíje kéèkì orí tẹlifíṣọ̀n táwọn ń wò nílé, sàn jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba èyí tó jẹ́ ẹ̀bi mi. Àwo Floyd tó há, iná ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò fi sínú ẹ̀rọ kí n wò ó tán. Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀bi kejì tóbi ju ìyẹn lọ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ọjà pé "ẹ kọ́ oúnjẹ Faransé àti wáìnì nínú ilé yín". Ẹni tó bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kó máa retí ife kan, ṣíbí méjì, ìṣẹ́jú ogún. Julia nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti pa gbólóhùn náà rẹ́, mo sì ti kọ ohun tó wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n pé àwọn ètò náà kò dára, mà, ìyẹn ni mi ò lè gbà láìsọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kó wọn sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọdún 1963 ni The French Chef bẹ̀rẹ̀ ní WGBH, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Boston, ó sì ń bá a lọ títí di 1973. Ìdí tí àwòrán fi jẹ́ dúdú àti funfun nìyẹn, torí ọdún 1970 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é pẹ̀lú àwọ̀. Owó kékeré ni wọ́n fi ń ṣe ètò náà. Bí Julia bá ti dáná, kámẹ́rà kì í dúró títí oúnjẹ á fi dé orí tábìlì, nítorí gígé téèpù tún lẹ̀ pọ̀ wọ́n wọn lówó nígbà yẹn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí sítóòfù, òun náà ni ẹni tó wà nílé máa rí. Lọ́jọ́ kan ní 1963, ó ń dín pòtétò nínú páànù, ó fẹ́ jù ú sókè kó yí i padà, kò sì ní ìgboyà tó láti jù ú dáadáa. Apá kan dà sórí sítóòfù. Ó fọwọ́ kó o padà sínú páànù, ó sì sọ fún àwọn tó ń wò ó pé bí ẹ bá dá wà ní kíṣínì, ta ló máa rí yín? Títí dòní àwọn ènìyàn ṣì ń búra pé adìẹ ló já bọ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn ní tòlótòló ni. Pòtétò ni, orí sítóòfù ló sì dà sí.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí yín lórí Bake Off nìyí. Ètò náà gbádùn mọ́ni, mo ti ń wò ó láti ìgbà tó wà ní BBC Two ní 2010, kó tó lọ sí Channel 4 ní 2017. Ṣùgbọ́n bí kéèkì bá wó níbẹ̀, ojú ẹni tó fẹ́ sunkún ni wọ́n máa ń fi hàn wá, lẹ́yìn náà aago. Bí kéèkì tó wó ṣe lè di jíjẹ, wọn kì í sábà sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ìlú London, ẹyin díndín ni òkè agbára mi. Ẹ̀rù iná ń bà mí, ẹ̀rù kí n ba ọjà owó jẹ́ ń bà mí. Obìnrin tó fọwọ́ kó pòtétò padà sínú páànù yẹn ló lé ẹ̀rù náà lọ, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí wọ́n fún ní ife ẹ̀yẹ.

Ó dọ̀dọ̀ Floyd. Ó ń mutí, òótọ́ lẹ sọ. Ife wáìnì kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì máa ń da díẹ̀ sí ìkòkò, kó da ìyókù sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun wo irú rẹ̀, mi ò ní bá a jà. Kò sì wọn nǹkan, ìyẹn náà dájú. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan nígbà tí ẹ bá tún wò ó: ọkùnrin yẹn máa ń bá ẹni tó gbé kámẹ́rà wí lójú gbogbo ayé, pé kó kúrò lójú òun, kó wo inú ìkòkò. Mi ò tíì rí ìràwọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé kámẹ́rà kúrò lójú òun.

Ibi tí àwo yín há sí, mà, ó dùn mí gidi, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Floyd lọ sí ilẹ̀ àwọn Basque ní gúúsù Faransé, ó wọ kíṣínì ìyá kan, ó sì se pipérade fún un, oúnjẹ ìlú ìyá náà fúnra rẹ̀. Tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹyin. Ẹ ò rí i pé ẹyin díndín tiwa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́! Ìyá yẹn tọ́ ọ wò, ó sì sọ ọ́ sí i lójú pé kò dára. Ó wá dìde, ó se tirẹ̀ kí Floyd lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Alásè tí gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ dúró bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bá wí, BBC sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde ní 1987 láìgé e kúrò. Bí mo bá ń wo ibẹ̀, ìyá mi àgbà ni mò ń rí, ẹni tó máa ń fi ṣíbí igi kan ìkòkò mi lẹ́ẹ̀kan, tó máa ní "ata yìí ò jiná". Ètò tó bá lè jẹ́ kí onílé sọ fún àlejò pé oúnjẹ rẹ̀ ò dára, mo gbà á tọkàntọkàn pé ó dára.

Lórí wáìnì, ọ̀rọ̀ yín bọ́ sójú ẹ̀ dé ìdajì. Oz Clarke mọ wáìnì dunjú, iṣẹ́ mọ́tò ni wọ́n fi mọ James May, ní 2006 ni wọ́n sì kó àwọn méjèèjì jọ rìnrìn àjò yẹn. Awuyewuye wọn pọ̀ jù. Bí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, inú mi ì bá dùn. Síbẹ̀ James ń béèrè ohun tí èmi àti ẹ̀yin máa béèrè: kí ló dé tí ẹ ń sọ pé ó ń rùn bí èso kan nígbà tí kò sí èso yẹn nínú ìgò?

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú àti dáhùn, nítorí ètò náà kò dúró lórí rẹ̀ tó. Wáìnì funfun tí wọ́n ń pè ní Sauvignon Blanc sábà máa ń ní òórùn tàtàṣé tútù, èyí tó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Wọn kò parọ́: èròjà kan náà, tó ń jẹ́ pyrazine, wà nínú èso àjàrà yẹn àti nínú tàtàṣé. Riesling, wáìnì funfun mìíràn, tó bá ti pẹ́ nínú ìgò lè máa rùn bí kẹrosíìnì, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tannin tí wọ́n ń dárúkọ ní gbogbo ìgbà nínú wáìnì pupa, òun ni ohun tó ń fa ahọ́n tó sì ń jẹ́ kí ẹnu gbẹ. Ẹni tó bá ti jẹ obì rí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó wà nínú obì náà. Ẹ ra Sauvignon Blanc ìgò kan, ẹ gé tàtàṣé aláwọ̀ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn ọ̀kan kí ẹ tó gbọ́ ti èkejì, kí ẹ wá tan àwo náà. Bí ẹ kì í bá mutí, imú nìkan ti tó. Wíwò lásán kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní wáìnì, ibẹ̀ ni mo gbà pẹ̀lú yín. Àwọn alásè pàápàá mọ̀ ọ́n: ohun pupa tó máa ń wà nínú ife Julia níparí ètò, omi tí wọ́n fi èròjà ọbẹ̀ kùn láwọ̀ ni, torí owó wáìnì kò sí.

Ẹ̀sùn yín tó kẹ́yìn ni mi ò ní èsì fún, nítorí òtítọ́ ni. Àwo mẹ́ta, kò sí ojú wa níbẹ̀. Èyí tí mo lè tọ́ka sí ni High on the Hog, tó jáde lórí Netflix ní 2021. Stephen Satterfield ni atọ́kùn rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó ti ṣiṣẹ́ wáìnì nílé oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ló ti bẹ̀rẹ̀, òun àti Jessica B. Harris, ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe ètò náà, jọ rìn nínú ọjà Dantokpa ní Cotonou, láàárín ilá, iṣu àti ata. Nígbà tí wọ́n dé Ouidah, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, omi bọ́ lójú Satterfield. Omi bọ́ lójú tèmi náà. Mi ò ní àwo rẹ̀ láti tà, torí náà mi ò rí èrè kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mà, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì wò ó pẹ̀lú.

Mo ti dá pọ́n-ùn 14 yín padà láàárọ̀ yìí, ẹ má sì wulẹ̀ dá àwọn àwo náà padà. Mo rí Floyd on France mìíràn lórí pẹpẹ, mo fi sínú ẹ̀rọ lálẹ́ àná, mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò há níbì kankan, ìyá Basque yẹn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú páànù rẹ̀. Ọ̀la, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ló máa kúrò lọ́wọ́ wa.