Kò sí òkè ayọnáyèéfín lábẹ́ Wikki

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp àwa Yorùbá Abuja: pé òkè ayọnáyèéfín ló ń se omi Wikki, ìsun omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó wà ní Yankari, ọgbà ẹranko ní ìpínlẹ̀ Bauchi, pé kò ní pẹ́ bú gbàmù. Irọ́ ni. Omi náà kò ju nǹkan bí 31°C lọ; ọ̀bọ tó ń já oúnjẹ gbà níbẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Omi tó ti wọlẹ̀ jìnnà ni omi Wikki, ooru inú ilẹ̀ sì ń fi bí 25 sí 30°C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òkúta yíyọ́ bá ti ń se omi lóòótọ́, omi gbígbóná náà a máa jẹ òkúta àyíká rẹ̀ títí yóò fi di amọ̀, a sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Omi Wikki mọ́ gaara, yanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.