Ẹ má mu sóyà tútù nítorí iṣan

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri n'Ílọrin pé kí ẹni tí kì í jẹ ẹran, tó sì fẹ́ kí iṣan ara òun le, lọ sóyà láìsè, kó pò ó mómi mu, torí iná ń pa purotéènì, èròjà oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan. Irọ́ ni. Iná kì í pa á. Ó ń jẹ́ kó tètè dà nínú ni. Sóyà tútù ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní trypsin inhibitor, tí kì í jẹ́ kí inú rí purotéènì náà lò dáadáa. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. (Wàrà sóyà tẹ́ ẹ̀ ń rà lọ́jà, wọ́n ti sè é.) 100 g sóyà gbígbẹ ní bíi 36 g purotéènì. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun purotéènì inú agolo, ẹ ka iye purotéènì tí wọ́n kọ pé ó wà nínú ṣíbí kan, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sáwọn ará.