Ta Ni Bàbá Nínú Ilé Yìí?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ilé o. Gbogbo ẹrù tí mo kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni mo kó bọ̀, àfi orúkọ mi.

Kí n tó lọ, bàbá ni mí. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ọjà Olúwo, bí wọ́n bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán: "Bàbá, ẹ wá wo ẹja!" Orí mi á wú, màá ra ẹja tí mi ò lówó rẹ̀. Ṣé bàbá ń ná ọjà ni?

Mo dé ọ̀hún, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni mo rí. Màmá àgbà kan, ará Bùlùgáríà, ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ já wọlé, ó ń pariwo, "Baba! Baba!" Mo yáa dáhùn, "Hẹn, ọmọ mi, kí ló dé?" Ọmọ yìí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dì mọ́ màmá. Àṣé lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá àgbà ló ń jẹ́ baba. Èmi tí mo ti ń dá irùngbọ̀n sí nítorí orúkọ yìí!

Ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta. Màmá pè mí, ó mú òwú pupa àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀, ó fẹ́ so ó mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Ó ní ti Baba Marta ni, pé oṣù Kẹta fúnra rẹ̀, arúgbó obìnrin ni, àti pé mi ò gbọdọ̀ tú u títí màá fi rí ẹyẹ àkọ̀ tàbí igi tó tanná. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: òwú pupa, òwú funfun, arúgbó obìnrin! Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí owó ilé tí mo jẹ. Mo padà, mo na ọwọ́.

Onígbàjámọ̀ mi, ará Tọ́kì, ló tù mí nínú: bàbá ni baba lọ́dọ̀ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ṣáínà, àmọ́ ṣọ́ ohùn rẹ o. Gbé "ba" sókè, ó di mẹ́jọ. Àwa náà kúkú ń fi ohùn sọ bàbá di ọkà bàbà.

Ti ọmọ Jọ́jíà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló pa mí (Jọ́jíà ẹ̀gbẹ́ Tọ́kì, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà). Ó gbé fóònù sétí, ó ní, "Mama!" Ohùn ọkùnrin bú jáde bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Bàbá ni mama lédè wọn. Deda ni ìyá!

Onímọ̀ èdè kan, Roman Jakobson, ọmọ Rọ́ṣíà, ti kọ̀wé lórí mama àti papa ní 1960. Àwọn èdè yìí ò bára tan dandan. Ètè ọmọ ọwọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ á pa ètè dé, á là á, ó di ba-ba, ó di ma-ma. Kò tíì pe ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà tó wà nítòsí ló máa ní òun lòún ń pè. Ọmọ onílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ gan-an nìyẹn: ilẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ó ti ri pátákó mọ́ ọn.

Mo ń rò ó fún bàbá mi lánàá. Ìyá mi ń ha ìpẹ́ ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Èdè wo lo ní ìyá ti ń jẹ́ baba?"

"Ti Bùlùgáríà ni, mà."

Ó wo bàbá mi látòkè délẹ̀. "Ta ló san owó ilé-ìwé rẹ?"

Bàbá mi dìde, ó ní òun ń lọ wo ọkọ̀ ojú omi òun. Bàbá mi ò ní ọkọ̀ ojú omi.