Àwìn Akọ̀wé

(Búkà Ìyá Kúdí ní Kubwa, Abuja. Ilẹ̀ ti ṣú. Akọ̀wé ń lá ọwọ́. Ààfáà jókòó, ó ń retí àmàlà tirẹ̀.)

ÌYÁ KÚDÍ: Akọ̀wé, owó ọjọ́ mẹ́rin ti wà lọ́rùn rẹ o.

AKỌ̀WÉ: Háà, Màmá! Èmi tó jẹ́ once in a blue moon ni mò ń jẹ àwìn!

ÌYÁ KÚDÍ: Ààfáà, kí ló ń wí?

ÀÀFÁÀ: Òṣùpá kan ni. Kì í kúkú ṣe búlúù. Tó bá kún lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù òyìnbó kan, èkejì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023, ó kún lọ́jọ́ kìíní, ó tún kún lọ́jọ́ 31. Ó tó ọdún méjì sí mẹ́ta kírú ẹ̀ tó tún wáyé.

ÌYÁ KÚDÍ: Ọdún méjì sí mẹ́ta! (Ó ṣí ìwé àwìn.) Mọ́ńdè ńkọ́? Túsìdeè tó o ní kí n fi ṣàkì lé e ńkọ́? Ààfáà, òṣùpá mélòó ló kún lọ́sẹ̀ yìí?

ÀÀFÁÀ: Ẹ má fi mí sí i. Ọ̀rọ̀ òṣùpá, ẹnu Sultan ní Sókótó la ti ń gbọ́ ọ.

AKỌ̀WÉ: Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Honeymoon la ṣì wà.

ÌYÁ KÚDÍ: Ìyàwó ọ̀hún ò mọ àmàlà rò?

AKỌ̀WÉ: Ó ṣì wà ní Ìlọrin.

ÀÀFÁÀ: Honeymoon ẹlẹ́nìkan!

AKỌ̀WÉ: Ẹ jẹ́ kówó oṣù wọlé. Èyí tẹ́ ẹ ń ṣe yìí, asking for the moon ni.

ÌYÁ KÚDÍ: N ò béèrè òṣùpá. ₦6,000 ni mò ń béèrè.

ÀÀFÁÀ: Ìyá Kúdí, kábúkábú kan gbé mi láti Berger lálẹ́ àná. Awakọ̀ ọ̀hún fi fìlà bojú, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹ̀...

AKỌ̀WÉ: Ààfáà!

ÌYÁ KÚDÍ: Hẹn-ẹn! Akọ̀wé ìjọba, kábúkábú lálẹ́?

AKỌ̀WÉ (wúyẹ́wúyẹ́): Moonlighting ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

ÌYÁ KÚDÍ: Ọ̀gá rẹ tó máa ń wá jẹyán níbí ní Fúráìdè?

AKỌ̀WÉ: Ọ̀gá mi ń jẹun níbí?

ÌYÁ KÚDÍ: Àwìn lòun náà ń jẹ. Ó dáa, aago márùn-ún ìdájí ọ̀la, wàá gbé mi lọ sọ́jà Dei-Dei, wàá gbé mi bọ̀. Màá yọ ẹgbẹ̀rún kan nínú ẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Ẹgbẹ̀rún kan péré? Owó epo ńkọ́?

ÌYÁ KÚDÍ: Ìwọ náà ra ìwé àwìn, kó o kọ ọ́ síbẹ̀.