Ta ló san owó ìfọwọ́sowọ́pọ̀?
Gbogbo yín ń bú olùkọ́ tó kọ ìdáhùn WAEC sójú pátákó fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fún un lówó? Nígbà tí mo ṣe tèmi, ọ̀gá iléèwé wa pe àwọn òbí jọ, ó ní kí kálukú mú "owó ìfọwọ́sowọ́pọ̀" wá. Ojú mi ni bàbá mi ṣe ka tiẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣirò, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ìrẹsì tiẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi tí mo kàwé mọ́jú náà da ìdáhùn ojú pátákó kọ, ẹ má purọ́ fún mi pé ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1999 lòfin ti wà tó lè rán irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́wọ̀n. Bàbá mi ńkọ́?