Ìdájọ́ Ti Jáde, Ẹ Máa Gbá Bọ́ọ̀lù Yín Lọ

Àṣà kan ti gbòde báyìí láàárín àwa tá à ń ṣe Manchester United, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kíláàbù míì náà ti ń dá a, àmọ́ tiwa ti di bárakú. Láyé àtijọ́, èèyàn á wo bọ́ọ̀lù tán kó tó bú agbábọ́ọ̀lù. Ní báyìí, èébú ti délẹ̀ kí rẹfirí tó fọn fèrè, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, wọ́n ti to emójì ẹkún sí i nídìí, ó ku kí góòlù kan péré wọlé wa kí wọ́n fìka kàn án kó máa lọ. Tẹ́ ẹ bá rí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tójú ẹ̀ ò kúrò lára fóònù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má rò pé ó lẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀ o. Ìdájọ́ ló ti kọ sílẹ̀, ọ̀daràn ló ń wá.

Ẹ má sì fojú kéré iṣẹ́ náà, torí ó lófin. O gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bú lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ń bú Onana tó jẹ́ gólíkípà wa nígbà yẹn, tó o bá lọ bú Dalot, wọ́n á ní o ò mọ bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní àná lo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Onana yìí gan-an ò tiẹ̀ ran ara ẹ̀ lọ́wọ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tá a fẹ́ lọ bá Lyon ti ilẹ̀ Faransé gbá nínú Europa League, ó la ẹnu ẹ̀ ó ní United dáa ju Lyon lọ dáadáa, Matić tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wa rí, tó wá wà ní Lyon nígbà yẹn, fèsì pé Onana wà lára àwọn gólíkípà tó burú jù nínú ìtàn United. Lọ́jọ́ kejì Onana bọ́ sí pápá, ó jẹ́ kí góòlù méjì tó yẹ kó mú wọlé, àfi bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù kí Matić má lọ di òpùrọ́. Ọ̀mì la gbá, 2-2. Inú àwọn èèyàn wa dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé ẹlòmíì á rò pé a jáwé olúborí, torí gbogbo èébú tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló wúlò, ìkankan ò ṣòfò.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, Harry Maguire ni kẹ́ ẹ wò. Ọdún 2019 la rà á lọ́wọ́ Leicester ní mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn, kò tíì sí difẹ́ńdà tí wọ́n ra tówó yẹn nígbà náà, àtọjọ́ yẹn ni orí ọmọ ọlọ́mọ ti di nǹkan àwàdà. Lọ́dún 2023 wọ́n gba ipò káfútéènì lọ́wọ́ ẹ̀ fún Bruno Fernandes, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kọjá orí pápá pàápàá, ó dé ilé aṣòfin ilẹ̀ Gánà, mi ò parọ́. Lópin ọdún 2022, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Isaac Adongo dìde lórí ètò ìṣúná owó, ó sì fi igbákejì ààrẹ wọn wé Maguire, pé ẹni tí wọ́n ní kó máa gbà wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ló tún ń gbá bọ́ọ̀lù sílé ara ẹ̀. Ètò ìṣúná owó ni wọ́n ń jíròrò o! Nígbà tó máa fi tó bí ọdún kan, Maguire ti ń gbá bọ́ọ̀lù gidi, Adongo tún dìde nílé ìgbìmọ̀ kan náà, ó tọrọ àforíjì. Lọ́wọ́ Maguire ni o. Ní ti igbákejì ààrẹ, ó ní ibi tó wà náà ló ṣì wà. Maguire gan-an fèsì pé òun ti gba ẹ̀bẹ̀.

Mo mú ìyẹn wá ká lè mọ̀ pé olóṣèlú ti fi ojútì jù wá lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wà nínú gúrúùpù WhatsApp àwa olólùfẹ́ United, mi ò tíì rí ẹni tó bẹ agbábọ́ọ̀lù kankan.

Kódà lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Lyon wá san ìbẹ̀wò padà ní Old Trafford. Ugarte gbá tiẹ̀ wọlé, Dalot gbá tiẹ̀, 2-0 la fi lọ sinmi, gúrúùpù sì dákẹ́ lọ gbáà, torí tá a bá ń nà èèyàn kò sẹ́ni tó ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Àfi ìgbà tí Lyon dá méjèèjì padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Háà, fóònù mi fẹ́ẹ̀ já bọ́ lórí tábìlì. Rẹfirí lé Tolisso ti Lyon jáde kó tó di pé wọ́n wọ àfikún àsìkò, wọ́n wá ku mẹ́wàá, àwọn mẹ́wàá yìí náà ló tún jẹ góòlù méjì lé wa lórí, 4-2. Níbẹ̀ ni gbogbo ìdájọ́ tó ti wà nínú àpò látàárọ̀ bá tú jáde. Ẹ lé Amorim tó jẹ́ kóòṣì. Ẹ ta gbogbo wọn. Ẹ dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, ẹni tó ń sọ ìyẹn ò ra tíkẹ́ẹ̀tì rí láyé ẹ̀. Ìgbà tí kóòṣì wá ní kí Maguire fi ẹ̀yìn sílẹ̀ kó lọ ṣe sítíráíkà, ọ̀rẹ́ mi kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn tó ìwé ìpíngún, ó bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe rà á ní 2019, ó gba orí káfútéènì, ó parí ẹ̀ sí pé ọjọ́ tí kóòṣì bá ti fi Maguire ṣe sítíráíkà ni kíláàbù náà ti kú, ká máa múra òkú. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lọ.

Bruno gba pẹnárítì wọlé ní ìṣẹ́jú 114. Mainoo gbá tiẹ̀ ní 120. Kí onítọ̀hún tó jókòó dáadáa, Casemiro ti gbé bọ́ọ̀lù kan wá látẹ̀gbẹ́, Maguire fò sókè, ó forí kàn án, ó wọlé. Àwọn tó ti kúrò ní pápá sáré padà, àwọn míì ti wà lójú ọ̀nà wọn ò sì rí nǹkan kan. 5-4, tẹ́ ẹ bá ro méjèèjì pọ̀ 7-6, góòlù mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú méje, a ti wọ ìpele tó kángun sí àṣekágbá Europa. Mo ń pariwo, gbogbo èèyàn ń pariwo, ọ̀rẹ́ mi nìkan ni ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá ló wá kọ ọ́, gbólóhùn kan péré: «Góòlù yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n lé Amorim mọ́.»

Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí? A jáwé olúborí, inú ń bí i. Bọ́ọ̀lù ti bá ìdájọ́ ẹ̀ jẹ́.

Àwọn onímáàkì tún wà. Fèrè ò tíì dákẹ́ tí wọ́n á ti to orúkọ agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá wálẹ̀, ẹni yìí 4 nínú 10, ẹni yẹn 6, ẹni tí wọ́n mú wọlé ní ìṣẹ́jú 88 tí kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ló gba 7. Kò sẹ́ni tó ń gba 10, àfi kí Ronaldo ti ọdún 2008 padà wá. Àwọn tó tún wá burú jù ni àwọn tó ti gbọ́ nípa xG. Ìyẹn ni ìṣirò tó máa ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí bọ́ọ̀lù tẹ́nì kan gbá wọlé, wọ́n á wo ibi tó ti gbá a àti irú àyè tó ní, pẹnárítì pàápàá ò tó góòlù kan lójú wọn, ó lé díẹ̀ ní 0.7 ni. Nǹkan gidi ni o, àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ ní kíláàbù mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ṣùgbọ́n tiwa! Wọ́n nà ọ́ 3-0, o ń sọ fún èèyàn pé xG wa ló pọ̀ jù, ṣé kí wọ́n gbé kọ́ọ̀pù fún xG ni? Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ọ̀gá mi, agada ọwọ́ ò ṣeé bẹ́ gẹdú.

Ká sì ní wọ́n ń bú ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa nìkan ni, à bá gbà. Ẹni tá a ti tà náà ò bọ́. Scott McTominay, ọmọ tá a tọ́ dàgbà lọ́wọ́ ara wa, ọdún mélòó ni wọ́n fi sọ pé kò lè fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹni tó wà níwájú ẹ̀, pé a ò lè gba líìgì tó bá wà láàárín. Lóṣù kẹjọ ọdún 2024 wọ́n tà á fún Napoli, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí sáà yẹn fi máa parí, Napoli ti gba líìgì ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì ti sọ McTominay di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú líìgì náà. Àwọn tó lé e wá ń fi fọ́tò ẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì, «ọmọ wa», wọ́n ń bi kíláàbù pé arìndìn wo ló tà á. Elanga náà ńkọ́? Wọ́n ní eré nìkan ló mọ̀ ọ́n sá, kò lọ́gbọ́n orí. A ta òun náà fún Nottingham Forest, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 2025 ó gba bọ́ọ̀lù nítòsí ilé tiwọn, ó sáré já gbogbo pápá, kò sẹ́ni tó bá a, ó gbá a wọlé wa ní ìṣẹ́jú karùn-ún, bó ṣe parí nìyẹn, 1-0. Eré náà ló sá o. Wọn ò purọ́ mọ́ ọn.

Ti kóòṣì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lóṣù kejìlá ọdún 1989, ẹnì kan na aṣọ sókè nínú pápá, ó kọ ọ́ sí i pé ọdún mẹ́ta àwáwí ti tó, ó dàbọ̀ fún Alex Ferguson. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà Ferguson gba FA Cup ti 1990, kó tó wá kúrò lọ́dún 2013 ó ti gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹtàlá. Ká ní fóònù wà lọ́wọ́ wa lọ́dún 1989, Ferguson ì bá ti wà nílé kó tó di Kérésìmesì. Nígbà tó di ti Moyes tó rọ́pò ẹ̀, àwọn èèyàn wa ti lówó sí i, aṣọ ò tó wọn mọ́, wọ́n háyà ọkọ̀ òfuurufú. Lóṣù kẹta ọdún 2014 ọkọ̀ náà fò kọjá lórí Old Trafford pẹ̀lú àkọlé pé kí Moyes máa lọ, lọ́jọ́ tá a na Aston Villa 4-1! Kí wọ́n ṣe é báwo? Wọ́n ti sanwó ọkọ̀ ná kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ṣé kí ó máa ṣòfò ni? Látìgbà yẹn Van Gaal dé, wọ́n lé e, Mourinho dé, wọ́n lé e, Solskjær dé, wọ́n sunkún kí wọ́n fún un níṣẹ́ náà pátápátá lọ́dún 2019, wọ́n tún sunkún kó máa lọ lọ́dún 2021 nígbà tí Watford nà wá 4-1. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i: sáà 2024 sí 2025, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún la wà, ìgbà 18 ni wọ́n nà wá nínú 38. Gbogbo àwọn tó ti ní kóòṣì Ten Hag ni ìṣòro wa, tí wọ́n ti lé Ten Hag láti oṣù kẹwàá, ẹ dákun, ta la tún fẹ́ di ẹrù rù báyìí?

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí gúrúùpù wa tínú gbogbo wọn dùn dénú ni ọjọ́ tá a lọ bá Grimsby Town nínú Carabao Cup, oṣù kẹjọ ọdún 2025. Líìgì kẹrin ni Grimsby wà o. Wọ́n ti fi góòlù méjì síwájú kó tó di ìsinmi, a sáré dá a padà ní ìparí, 2-2, ló bá di pẹnárítì, wọ́n ń gbá a lọ, wọ́n ń gbá a lọ, Amorim ò lè wò ó, ó jókòó lórí àga ó sorí kọ́, kí Mbeumo tiwa tó wá gbá tiẹ̀ mọ́ irin. 12-11, Grimsby nà wá. Kámẹ́rà ti mú Amorim tẹ́lẹ̀ nínú òjò tó ń fìka sún nǹkan róbótó-róbótó lórí bọ́ọ̀dù kékeré kan, ìyẹn nìkan la jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sẹ́ni tó ní ìdájọ́ òun kò bọ́ sí i, àwọn tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ látìgbà Lyon ń fi àwòrán ránṣẹ́ síra wọn.

Oṣù méjì ò pé lẹ́yìn náà, a lọ sí Anfield. Títí dọjọ́ yẹn, a ò tíì na Liverpool níbẹ̀ nínú líìgì látoṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Àwa la kọ́kọ́ gbá wọlé, Gakpo ti Liverpool gbá irin lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá tiwọn padà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, Bruno gbé e wá, orí yẹn náà ni, orí tí aṣòfin Gánà bẹ̀. 2-1. Mo wá kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi ní kọ̀rọ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀ kan nípa Maguire lónìí, ó kéré tán ẹ ní ẹ kú iṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. Ó ní àsìkò tó yẹ ká tà á gan-an nìyí, owó á gorí ẹ̀.